Òjó Rìwáyà àti Agbádá Tí Kò Dáhùn

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọmọ Òmù-Àrán lòun, tí ara sì ń fu yín, ẹ má wulẹ̀ bi í ní agboolé bàbá rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí olóògbé Òjó Rìwáyà lọ ṣe ní Èsìẹ́. Bí kò bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dá yín lóhùn, àlejò ni.

Ọ̀sán gangan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn ilẹ̀ Ìgbómìnà máa ń bínú bí ẹni tí a jí àgbò rẹ̀ gbé. Òjó àti Hussainat, ìyàwó rẹ̀, wọkọ̀ lọ bá Ọláṣẹ̀hìndé, àgbẹ̀ oníṣu tí gbogbo Èsìẹ́ mọ̀. Aaron, ọmọ Ọláṣẹ̀hìndé, ló fẹ́ fẹ́ Ìbùkún, ọmọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ láàárín àwọn bàbá méjèèjì, ẹ̀bẹ̀ sì ni Òjó bá lọ. Hussainat ṣì ń bá dẹ́rẹ́bà gbé agbọ̀n ọsàn jáde láti inú búùtù nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣíwájú wọ àgbàlá.

Òjó rí ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ funfun, ó dúró nítòsí ògiri, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra. Inú Òjó dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbóná.

"Bàbá Aaron, ẹ kú ọ̀sán o. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Bí àbúrò bá ṣẹ ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀gbọ́n ní í forí jì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà."

Ọkùnrin náà kò fèsì. Atẹ́gùn kan fẹ́, ọkùnrin náà sì rọra yí ẹ̀yìn padà sí Òjó.

Òjó dìde wùyà. "Ẹ̀yìn lẹ kọ sí mi? Èmi bàbá ìyàwó ni mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọkọ, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nílẹ̀ yìí, ẹ wá kọ ẹ̀yìn sí mi? Ṣé torí pé ẹ rí agbádá wọ̀ ni?"

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì àgbàlá, Ọláṣẹ̀hìndé fúnra rẹ̀ jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó mú iṣu sísun dání. Ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ará ilé jókòó tì í, ẹnu wọn là sílẹ̀.

"Àna mi," ni Ọláṣẹ̀hìndé wí, "èmi rèé níbí. Agbádá mi tí wọ́n sá sórí okùn lẹ̀ ń bá jà."

Ẹlòmíràn ì bá gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Òjó gbọn eruku kúrò láyà. Ó ní, "Mo mọ̀. Aṣọ ni mo kọ́kọ́ kí. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún èèyàn, á bọ̀wọ̀ fún aṣọ rẹ̀. Ó wá ku ẹ̀yin." Ó yíjú síbi tí ohùn ti wá, ó sì rí Ọláṣẹ̀hìndé méjì. Kó má baà ṣẹ ọ̀kan nínú wọn, àárín àwọn méjèèjì ló dọ̀bálẹ̀ sí.

Ẹ̀rín bú sọ. Ẹ má sì gbàgbé pé Èsìẹ́ ni ìlú yìí o, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bá ère òkúta gbé látọjọ́ aláyé ti dáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí kì í jẹ́ ìkíni, àwọn ni. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí irú èyí rí. Hussainat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí òun nìkan ló mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ wáyà iná ọkọ̀ ni Òjó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé òun fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ráyè yìn ín. Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ agbádá, ojú rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bó bá ti yí i. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lójú rẹ̀, ó wá dà bíi zóbò tí wọ́n ti bu omi là jù. Àwọn tó lè sọ fún rìwáyà pé kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí Òjó máa gbà fún.

Ẹni tó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ ni Gbóyèga, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Èsìẹ́. Òjó tún wáyà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó gba ọpẹ́. Kò pẹ́ tí Gbóyèga fi sáré padà wá. Ó ní bí òun bá ti tẹ fèrè, wáípà ló ń jó.

Òjó wò ó bí ẹni wo aláìmoore. "Bí òjò bá ń rọ̀, tí ewúrẹ́ wà lójú títì, ohun mélòó lo fẹ́ fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan náà? Mo ti pa iṣẹ́ méjì pọ̀ sí ọ̀kan fún ọ. Ní Ìlọrin, wọn ì bá gba owó ọ̀tọ̀." Gbóyèga ronú sí i, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ọjọ́ yẹn ni Hussainat fi tipátipá mú un lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin. Wọ́n ti Òjó sínú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n fà á jáde, wọ́n tún fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ wò. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní sùúrù, pe àrùn náà ní mọ́típù sìkìlẹróòsìsì. Òjó ní kó dúró ná, kí òun jókòó gbọ́ ìyókù orúkọ náà.

"Bàbá," ni dókítà wí, "iṣan tó ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ ní ìbòrí lára. Àwọn ọmọ ogun ara yín, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ti ṣi ọ̀tá mọ̀. Ìbòrí yẹn ni wọ́n ń jẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ tètè sọ bẹ́ẹ̀? Wáyà mi ló bó. Ẹ bá mi fi téèpù dì í, ọ̀nà jìn."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Téèpù rẹ̀ ò tíì sí láyé, bàbá. Oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó tètè bàjẹ́ sí i. Àmọ́ ẹ sá fún ooru o. Bí ara yín bá ti gbóná, ojú yín á ṣú. Bó bá tutù, á tún là díẹ̀."

Kí wọ́n sá fún ooru! Ní Òmù-Àrán! Nínú oṣù kẹta! Òjó bi í bóyá ibì kan wà nínú fíríìjì ọsibítù tí wọ́n lè fi òun sí. Hussainat ní tirẹ̀ béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó ní ṣé ọmọ òun lè jogún rẹ̀.

"Kì í ṣe bí a ṣe ń jogún ilé, Màmá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn ní in ni kì í ní in."

Ìyẹn dára lẹ́nu dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí kí ọmọ wa tó fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ìyá kan á dìde, wọ́n á rìn yípo ìlú àwọn tí a fẹ́ bá dána: ṣé kò sí wárápá nílé yẹn? Wọn kì í ya wèrè? Wọn kì í jalè? Ojú wọn kì í fọ́? Wọn ò ní rántí béèrè bóyá ọmọkùnrin náà níṣẹ́ lọ́wọ́.

"Ìyá Ìbùkún," ni Òjó sọ nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀, "bí èyí bá jáde, wọ́n á ní ìdílé afọ́jú ni wá. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ yẹn. Bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi délé ọkọ."

"Mo gbọ́, Bàbá Ìbùkún." Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn nínú.

Ohun tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ ló tún wá pọ̀ ju àrùn lọ. Nígbà tó yá, ohun gbogbo di méjì lójú Òjó. Ó wá rí i pé bí òun bá di ojú kan, méjì á padà di ọ̀kan. Nítorí náà, obìnrin tó bá ń bọ̀ lójú títì, Òjó á di ojú òsì, á fi ọ̀tún wò ó dáadáa. Òun ní tirẹ̀ ń ka èèyàn ni. Lójú àwọn obìnrin, Òjó ń ṣẹ́jú sí wọn ni.

Rónkẹ́, aránṣọ àdúgbò, ló kọ́kọ́ wá fẹjọ́ sùn. "Ìyá Ìbùkún, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọkọ yín o. Ó ṣẹ́jú sí mi lánàá, ó tún ṣẹ́jú sí mi lónìí. Èmi adélébọ̀!"

Kí ni Hussainat á sọ? Kò lè sọ òótọ́. Bó bá sì dákẹ́, Rónkẹ́ á fura pé àṣírí kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ló bá so ọ̀já mọ́ ìdí, ó bọ́ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Wàláì, ọkùnrin yìí kò ní pa mí! Ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan!" Òjó ń dáhùn láti inú yàrá: "Má bínú, èṣù ni!" Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìrọ̀rí bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Rónkẹ́ lọ sílé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó mọ̀ wàyí pé òun ṣì rẹwà.

Ní ti ooru, Òjó wá ọgbọ́n tirẹ̀. Píọ́ wọ́tà dídì ló máa ń fi sábẹ́ fìlà. Ó lọ kí àwọn kan tó ṣọ̀fọ̀ bàbá wọn. Òun àti olóògbé ọ̀hún kì í bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí ọ̀ràn ààlà ilẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣàdúrà lọ́wọ́, ọ̀rá píọ́ wọ́tà bẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lójú Òjó. Àwọn ọmọ òkú dì mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn bàbá àwọn tó báyìí. Ẹran tí wọ́n bù fún un lọ́jọ́ yẹn, àwọn ẹbí gan-an ò rí irú rẹ̀ jẹ.

Ohun tí kò rí ọgbọ́n dá sí ni ìkíni. Láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ tutù, Òjó á kí tọmọdé tàgbà, á dárúkọ wọn, á béèrè àwọn tó wà nílé. Bó bá di ọ̀sán, á gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kan náà kọjá láìwẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò ríran rárá, ìlú á ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó ríran láàárọ̀, tí kò ríran lọ́sàn-án, kí la fẹ́ pè é? Wọ́n pè é ní agbéraga. Wọ́n ní owó wáyà ti wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Ọláṣẹ̀hìndé wá sí Òmù-Àrán. Òun àti Òjó pàdé ní kòńgẹ́ lójú títì. Ọláṣẹ̀hìndé dúró, gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó ń retí kí àbúrò kí òun. Òjó wò ó, ó yà fún un bí ẹni yà fún òpó iná, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òpó iná ló rò pé ó jẹ́ lóòótọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ti dé láti Èsìẹ́: "Ẹ bá mi sọ fún Òjó pé ọmọ mi ò ní fẹ́yàwó láti ilé tí wọn kì í ti í kíni."

Ìbùkún wọ yàrá lọ, ó sunkún, kò jẹun. Òjó jókòó sí ìta, ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra. Bó bá dákẹ́, agbéraga ni. Bó bá sọ̀rọ̀, afọ́jú ni. Ọ̀nà méjèèjì ló lè gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún wọn," ni Hussainat wí.

"Rárá. Màá lọ bẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ kùtù la máa lọ, nígbà tí ojú mi bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Màá rí i, màá kí i, màá bẹ̀ ẹ́, ó parí."

Ètò náà dára. Wọ́n dé gáréèjì nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Gbóyèga ló kàn, ọkọ̀ Èsìẹ́ kì í sì í gbéra láìkún, bí ẹni tó fẹ́ lọ ilẹ̀ òkèèrè. Èrò kan ṣoṣo ló kù. Gbóyèga ń fun fèrè pe èrò kan náà títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run, wáípà rẹ̀ sì ń jó lọ, ó ń jó bọ̀. Òjó jókòó sẹ́yìn, ó ń wò ó. Kò rí ẹni tó máa dá lẹ́bi.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé agbádá ló bẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín gba àgbàlá kan, Hussainat wò ó bó ṣe sùn sílẹ̀ láàárín Ọláṣẹ̀hìndé àti àga òfìfo kan, eruku ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọsàn fọ́n ká.

"Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín yẹn! Ọkọ mi ò rí yín! Kò rí yín lónìí, kò rí yín lọ́jọ́ ọjà. Àìsàn ń ṣe é lójú, bí oòrùn bá ti mú, kì í mọ èèyàn yàtọ̀ sí igi. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń bò ó mọ́lẹ̀."

"Hussainat!" Ohùn Òjó já. "O ti bà á jẹ́. O ti ba ayé ọmọ rẹ jẹ́."

Ọláṣẹ̀hìndé gbé iṣu rẹ̀ sílẹ̀. "Àna mi, ṣé ẹ ò rí mi lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́?"

"Ṣé orí mi dàrú ni, tí màá fi rí àna mi, tí n ò ní kí i?"

"Ohun tó dùn mí ni pé mo rò pé ẹ rí mi, ẹ wá kà mí kún aláìjámọ́-nǹkan. Bí ẹ ò bá rí mi, kí wá ni mo ń bínú sí?"

"Àìsàn ńkọ́?" ni Òjó béèrè, ó ṣì wà nílẹ̀. "Ìwádìí ńkọ́?"

Ìyá Aaron pòṣé. "Ìwádìí wo? Bàbá Aaron, ẹ sọ ti etí yín fún wọn."

Ọláṣẹ̀hìndé húkọ́, ó wojú ọ̀run. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí Aaron ti wà ní pámárì. Nígbà tí àwọn ìyá láti Òmù-Àrán wá ṣe ìwádìí, apá òsì rẹ̀ ni ará ilé ní kí wọ́n jókòó sí. Ìdílé méjèèjì ti fara balẹ̀ wádìí ara wọn, wọ́n sì ti parọ́ fún ara wọn lọ́gbọọgba.

Òjó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ níbẹ̀. "Kò burú. Ọmọ-ọmọ wa á gba ojú lọ́dọ̀ yín, á gba etí lọ́dọ̀ wa."

Ọláṣẹ̀hìndé rìn lọ bá a, ó fà á dìde, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Bí àwọn tí etí wọn wúwo ti máa ń ṣe, ó fi gbogbo agbára pariwo: "Èmi Ọláṣẹ̀hìndé nìyí o! Mo kí yín, àna mi!" Ibẹ̀ ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Gbóyèga ló gbé ìròyìn rẹ̀ wálé. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń kí Òjó l'Ómù-Àrán tí kì í fi orúkọ ara rẹ̀ kún un.

Òjó kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bí èèyàn bá kí i láìdárúkọ, á ní ewúrẹ́ ta ló ń ké yẹn. Olóṣèlú kan wá kí i nígbà tí ìbò ń bọ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀ ketekete. Òjó ní, "Ẹ tún un pè. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn." Rónkẹ́ ní tirẹ̀ á dúró lókèèrè, á ní, "Èmi Rónkẹ́ ni o, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ́jú."

Ìbùkún délé ọkọ, ó bímọ. Lọ́dún díẹ̀ sí i, àrùn náà dé ẹsẹ̀ Òjó, ó di ẹni tó ń tọ̀pá. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Hussainat á jókòó tì í nídìí ọkọ̀, Òjó á ní, "Pupa dà?" Hussainat á fi í lé e lọ́wọ́. Òjó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyàwó òun ò mọ iṣẹ́, òun kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni.

Ọyẹ́ ni àsìkò tó fẹ́ràn jù, nítorí òtútù máa ń la ojú rẹ̀. Ọyẹ́ náà ló fa ikọ́ tó wọ̀ ọ́ láyà, tó sì pa á. Ó hùwà bó ti máa ń hùwà títí dé òpin: ó ní kí dókítà tó wá wo òun kọ́kọ́ dárúkọ.

Wọ́n sin ín, àlejò tú ká, ó ku Hussainat nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú tirẹ̀ kò ní àbùkù kankan, ó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo jígí. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń dárúkọ fún un. "Ẹ káàárọ̀ Mà, èmi Gbóyèga ni o." Ó kọ́kọ́ bí i nínú, ó ní ṣé òun náà ti fọ́jú ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Rónkẹ́ ń kọjá lọ, ó pariwo orúkọ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Lójijì, ó dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, Ìyá Ìbùkún. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni. Màá jáwọ́ ńbẹ̀."

Hussainat mi orí. "Má jáwọ́. Bó bá bi mí pé ta ló ń kọjá, kí ni n ó sọ fún un?"

Rónkẹ́ fi etí ìró nu ojú, ó sì gbé ohùn sókè kí ó dé inú ilé. "Èmi Rónkẹ́ ni o, Bàbá Ìbùkún! Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ!"